Ọ̀nà Jíjìn Tí Ìwòsàn Àìlèdá Ìgbẹ́ Dúró Ti Rìn

Ní 1982, dókítà méjì ní agbègbè Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Leigh àti Turnberg, tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet. Aláìsàn 76 tí wọ́n darí wá nítorí ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n dìídì bi léèrè bóyá ìgbẹ́ máa ń bọ́ sí wọn lára. Ó lé ní ìdajì wọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni yìí, àwọn tó ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ kí dókítà tó béèrè kò tó ìdajì. Àìsàn tí ẹni tó ń ṣe kò lè dárúkọ níwájú dókítà, ìwádìí lórí rẹ̀ kò lè yá. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí ìmọ̀ nípa ìwòsàn rẹ̀ fi pẹ́ kó tó dàgbà.

Àìlèdá ìgbẹ́ dúró ni kí ìgbẹ́ líle tàbí ìgbẹ́ ṣíṣàn máa jáde lára ẹni tó ti dàgbà kọjá ìgbà páńpásì, láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti àwọn kan kì í ju kí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rin díẹ̀. Àwọn mìíràn kì í lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó dà sílẹ̀. Ìwádìí lórí ìlera àwọn ará Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tó ń gbé nílé ara wọn, ó ń ṣe ẹni 8.3. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: abiyamọ tó fàya nígbà ìrọbí wà níbẹ̀, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa nínú jàǹbá ọkọ̀, ẹni tó ní àrùn rọpárọsẹ̀, àti arúgbó tí ara rẹ̀ kàn rẹ̀ ni.

Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà àbáyọ fún wọn. Wọ́n ti lo abẹ, wáyà, iná mànàmáná, abẹ́rẹ́, oúnjẹ àti ìdánrawò. Léraléra ni ohun tó dára lójú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti wá fúyẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí oògùn sì tẹ̀wọ̀n ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó ń wá ìtọ́jú lónìí.

Bí ara ṣe ń dá ìgbẹ́ dúró

Iṣan méjì ló yí ihò ìdí ká, bí okùn tí wọ́n fi fa ẹnu àpò pọ̀. Ti inú ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ti òde ni à ń fún pọ̀ nígbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n wá tí ibi tí a ó ti ṣe é sì jìnnà. Iṣan kẹta gba ẹ̀yìn ìfun ìsàlẹ̀ kọjá, ó fà á síwájú kí ọ̀nà náà lè tẹ̀ kọ́rọ́, kí ìgbẹ́ má baà yọ́ wálẹ̀ tààrà. Ìfun náà ní láti lè fẹ̀ gba ohun tó wọlé, ó sì ní láti mọ̀ ọ́n lára bóyá afẹ́fẹ́ ni tàbí omi tàbí ohun líle. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá bàjẹ́, àwọn tó kù lè gbé e dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó fara pa nígbà ìbímọ lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n fi lè má rí ìyọnu kankan títí yóò fi lé ní àádọ́ta.

Ní 1877, William Gowers, oníṣègùn iṣan ìmọ̀lára ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé nínú ìwé àwọn onímọ̀ Royal Society pé bí ohun kan bá ti kún inú ìfun ìsàlẹ̀, iṣan inú máa ń tú fúnra rẹ̀. Ní 1935, Denny-Brown àti Robertson fi ìwádìí lórí àwọn tí iṣan ìmọ̀lára wọn ti bàjẹ́ tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń dá ṣe àti ohun tó kù fún ọpọlọ. Orí ìmọ̀ yìí ni àwọn tó wá lẹ́yìn kọ́lé sí: bí iṣan inú bá ń tú fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé iṣan òde ní láti fún pọ̀ lákòókò kan náà. Ẹni tí ìgbà méjèèjì kò bá bára mu fún ni ìgbẹ́ ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìgbà tí abẹ nìkan jẹ́ ìrètí

Kí ìmọ̀ yìí tó délẹ̀ ni ilé ìwòsàn kan ti wà tó fi àìsàn ìdí ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Frederick Salmon dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1835 pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì méje, fún àwọn tálákà tó ní àrùn ìdí. Òun ló wá di St Mark's, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí inú ìtàn yìí ti wáyé.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ abẹ gbà dé, ọ̀nà tó kún fún ìrora. Láàárín 1845 sí 1849, ní ìlú Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, J. Marion Sims ń wá bí yóò ṣe dí ihò tí ìrọbí líle máa ń lu sí ojú ara obìnrin. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú ló fi dánra wò. A mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn: Anarcha, Betsey àti Lucy. Ti Anarcha, ihò náà dé àpòòtọ̀, ó sì dé ìfun. Ó tó ìgbà ọgbọ̀n tí Sims fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un láìfún un ní oògùn akunilóorun, kí okùn fàdákà tó bá a dí i ní 1849. Ẹrú ni wọ́n, wọn kò sì lómìnira láti kọ̀. Ọmọ Áfíríkà ni baba ńlá àwọn obìnrin wọ̀nyí, ara wọn sì ni ìmọ̀ tí ayé ń lò lónìí ti jáde. Ó tọ́ kí orúkọ wọn máa ṣáájú ti Sims níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn náà.

Ní 1891, Karl Thiersch, oníṣẹ́ abẹ ní Leipzig ní Jámánì, fi wáyà fàdákà yí ihò ìdí ká fún àwọn tí ìdí wọn ń yọ síta. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gba ọgbọ́n náà fún àwọn tí kò lè dá ìgbẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n wáyà kì í ṣe iṣan. Kò mọ ìgbà tó yẹ kó fún àti ìgbà tó yẹ kó tú, ó sì máa ń gé ara wọlé.

Alan Parks ló yí iṣẹ́ abẹ yìí padà. St Mark's ló ti ṣiṣẹ́, wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá, ó sì ń darí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó kú ní 1982. Ní 1971, òun àti McPartlin ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè wá ẹnu iṣan tó já rí, kí wọ́n gbé ìkan lé orí èkejì, kí wọ́n sì rán wọn pọ̀. Fún àwọn tí iṣan wọn kò já ṣùgbọ́n tó ti rọ, ó gbé iṣẹ́ abẹ mìíràn kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ihò ìdí, kí ọ̀nà ìfun lè tún tẹ̀ kọ́rọ́. Ní 1977, òun pẹ̀lú Swash àti Urich yẹ iṣan àwọn aláìsàn wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi, wọ́n sì rí i pé iṣan ìmọ̀lára tó ń bọ́ ọ ti bàjẹ́.

Èsì àkọ́kọ́ iṣẹ́ abẹ méjèèjì dùn ún gbọ́. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí àwọn mìíràn padà lọ wo àwọn tí Parks àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ìdí fún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì gbádùn rẹ̀. Ní 2000, Malouf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St Mark's kọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n ti rán iṣan wọn tó já nígbà ìbímọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó kéré tán, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè dá ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ inú dúró pátápátá. Ilé ìwòsàn tó gbé iṣẹ́ abẹ náà ga ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òtítọ́ yìí sílẹ̀, iyì ńlá lèyí sì jẹ́ fún wọn.

Ohun tí ìbímọ ń ṣe lábẹ́lẹ̀

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn rò pé ọjọ́ ogbó ló fà á tí àìsàn yìí fi ń bá obìnrin fínra. Ní 1984, Snooks àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn nínú Lancet pé ìrọbí lè na iṣan ìmọ̀lára títí yóò fi bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara dé, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, ṣùgbọ́n tó kéré tó láti wọ ihò ìdí. Ní 1989, Law àti Bartram ní St Mark's kọ bí wọ́n ṣe lè fi rí iṣan méjèèjì kedere.

Abdul Sultan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn aláboyún. Wọ́n yẹ obìnrin 202 wò kí wọ́n tó bímọ, wọ́n sì tún yẹ 150 nínú wọn wò lẹ́yìn ìbímọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993: nínú 79 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí lójú ara, iṣan 28 ti já níbì kan, ìyẹn 35 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ohunkóhun ṣe wọ́n. Nínú 23 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, kò sí ẹyọ kan tó ní ojú ọgbẹ́ tuntun. Àyẹ̀wò yìí kò sọ pé kí gbogbo aboyún lọ fi abẹ bímọ, nítorí iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ń gbẹ̀bí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ara obìnrin nígbà tí orí ọmọ bá ń yọ, kó sì yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa lẹ́yìn náà kó tó rán an. Ní Norway, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí láti fi ọwọ́ gbé ojú ara dúró kí orí ọmọ lè rọra jáde, iye àwọn tí iṣan wọn ń já sì lọ sílẹ̀ gan-an ní àwọn ilé ìwòsàn tó gba ẹ̀kọ́ náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. John Lawson, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìgbẹ̀bí ní Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìmọ̀ kíkún sílẹ̀ lórí ohun tí ìrọbí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe sí obìnrin nílẹ̀ olóoru. Òun àti D. B. Stewart kọ ìwé ńlá kan lórí ìbímọ àti àìsàn obìnrin ní 1967, ní 1972 ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ihò tó máa ń là láàárín ìfun àti ojú ara lẹ́yìn ìrọbí líle. Nílùú ńlá, iṣan tó já ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wá. Lábúlé tí aboyún ti rọbí fún ọjọ́ méjì láìrí dókítà, ihò ńlá ló ń là, ìgbẹ́ sì ń gba ojú ara jáde. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbímọ tí kò rí àbójútó tó péye ló bí wọn.

Ẹ̀kọ́ tí iṣan lè kọ́

Ní 1974, Engel, Nikoomanesh àti Schuster ní Baltimore gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó ya àwọn oníṣẹ́ abẹ lẹ́nu. Wọ́n fi bàlúùnù kékeré sínú ìfun aláìsàn mẹ́fà, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè dà bí ìgbẹ́ tó ń bọ̀, àwọn aláìsàn náà sì ń wo bí iṣan wọn ṣe ń ṣe lórí bébà tí ẹ̀rọ ń ya ìlà sí. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fún iṣan òde pọ̀ lásìkò tí ti inú bá tú. Kò ju ìgbà mẹ́rin lọ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Mẹ́rin nínú wọn bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìyọnu náà, ó sì sàn fún méjì tó kù. Àtìgbà náà ni ìtọ́jú onídánrawò ti tàn káàkiri ayé.

Aláìsàn mẹ́fà kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Wọn ò sì fi àwọn mẹ́fà yìí wé ẹnikẹ́ni tí kò lo ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì kan, Christine Norton, tó ń ṣiṣẹ́ ní St Mark's, ló wá fi ìdánwò dáhùn ìbéèrè yẹn. Nínú ìdánwò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003, wọ́n fi kèké pín aláìsàn 171 sí ọ̀nà mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì bá ìpín kìíní sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, oògùn àti ìhùwàsí ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ fífún iṣan pọ̀ kún ti èkejì. Ìpín kẹta gba ìdánrawò pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn, ìpín kẹrin sì tún mú ẹ̀rọ lọ sílé. Ní ìparí, nǹkan bí ìdajì ló sàn fún nínú gbogbo ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìtura náà sì ṣì wà lára wọn lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ̀rọ kò fi nǹkan kan kún ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìmọ̀ràn àti sùúrù nọ́ọ̀sì ti ṣe.

Ní 2009, Heymen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chapel Hill, Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́nà mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn ní ìmọ̀ràn àti oògùn. Wọ́n yọ àwọn tí èyí tó fún kúrò. Àwọn 108 tó kù ni wọ́n wá pín sí méjì. Nínú àwọn tó fi ẹ̀rọ kọ́ ìdánrawò, 76 nínú 100 ló sọ pé ìtura dé. Nínú àwọn tó ń fún iṣan pọ̀ láìsí ẹ̀rọ, 41 ni. Ìdánwò méjèèjì kò ta kora. Ìmọ̀ràn ló yẹ kó ṣíwájú, kí ẹ̀rọ dúró de àwọn tí ìmọ̀ràn kò bá tó fún.

Iṣan àyálò àti ẹ̀rọ inú ara

Fún àwọn tí iṣan ìdí wọn ti parun, Pickrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ronú kan ọ̀nà kan ní 1952: wọ́n yọ iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú itan, wọ́n sì fi yí ihò ìdí ká. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣan itan tètè máa ń rẹ̀. Cor Baeten ní Maastricht, Nẹ́dálándì, àti Norman Williams ní Lọ́ńdọ̀nù fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọ láti má ṣe rẹ̀. Ní 1995, Baeten kọ pé nínú aláìsàn 52, 38 ló ti ń dá ìgbẹ́ dúró. Iṣẹ́ abẹ náà le, egbò rẹ̀ sì máa ń kẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tàn.

Ní 1987, Christiansen àti Lorentzen ní Dẹ́ńmáàkì fi ẹ̀rọ olómi sí ìdí aláìsàn: òrùka rírọ̀ tó ń kún fún omi láti pa ọ̀nà dé, àti bọ́tìnnì lábẹ́ awọ tí aláìsàn ń tẹ̀ láti ṣí i. Àwọn tó bá a mu gbádùn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ èsì ẹni 112 jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, wọ́n ti ní láti yọ ti 41 kúrò pátápátá.

Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí pẹ̀lú àlébù ọ̀pá ẹ̀yìn rí ìrànlọ́wọ́ ní ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ. Ní 1990, Malone, Ransley àti Kiely fi hàn pé èèyàn lè fa ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka tó so mọ́ ìfun ńlá (appendix) wá sí ojú ikùn, kí òbí tàbí ọmọ fúnra rẹ̀ máa gba ibẹ̀ da omi sínú láti fọ ìfun mọ́ ní àkókò tó wù ú. Bí ìfun bá ti ṣófo, kò sí ohun tó máa bọ́ sára ní ilé ẹ̀kọ́. Fún àwọn àgbàlagbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, Christensen láti Aarhus darí ìdánwò kan ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2006. Ẹni 87 ló kópa nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi omi fọ ìfun láti ìdí ṣe dáadáa ju àwọn tó gba ìtọ́jú ojoojúmọ́ lásán lọ.

Iná mànàmáná àti ìbéèrè tó le

Ní àwọn ọdún 1980, Tanagho àti Schmidt ní San Francisco ti ń fi iná kékeré ru iṣan ìmọ̀lára tó ń jáde láti eegun ìbàdí sókè, fún àwọn tí kò lè dá ìtọ̀ dúró. Klaus Matzel ní Erlangen, Jámánì, gbé e fún ti ìgbẹ́. Ní 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹwà ìtọ́jú yìí ni pé èèyàn lè dán an wò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ awọ.

Ṣé iná náà ló ń ṣe é, àbí ìrètí aláìsàn? Leroi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé dáhùn ní 2005. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún oṣù kan, wọ́n sì pa á fún oṣù kan, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ó dára jù nígbà tó wà ní títàn. Nínú ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, Joe Tjandra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, Ọsirélíà, pín ẹni 120 sí méjì. Nínú àwọn tó gba ẹ̀rọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó bọ́ pátápátá, nígbà tí àwọn tó gba ìtọ́jú àìlábẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bákan náà. Ní 2011, àjọ FDA tó ń fàṣẹ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rọ yìí wọ́n gan-an, ó sì gba iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, nígbà tí Ahmed Shafik ní Káírò kọ ní 2003 pé abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ara lókè ọrùn ẹsẹ̀ lè gbé iná lọ sí iṣan ìmọ̀lára kan náà láìsí iṣẹ́ abẹ, inú ọ̀pọ̀ dókítà dùn. Charles Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù darí ìdánwò tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n pín aláìsàn 227 sí méjì, àwọn kan gba iná gidi, àwọn kan gba ìtọ́jú tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí iná náà kò dé iṣan ìmọ̀lára yẹn. Èsì jáde ní 2015. Nínú àwọn tó gba iná gidi, ìṣẹ̀lẹ̀ náà dín kù sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára 38 nínú 100. Lára àwọn tó gba àfarawé, 31 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti fi gbẹ̀rí jẹ́.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 2011, Graf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán abẹ́rẹ́ kan wò, èyí tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì kún ara yí ihò ìdí ká kó lè dì dáadáa. Ẹni 206 ló kópa. Ìṣẹ̀lẹ̀ dín kù sí ìdajì lára 52 nínú 100 tó gba abẹ́rẹ́ náà. Lára àwọn tó gba àfarawé, 31 nínú 100 ni. Nínú ìdánwò méjì tí kò jọra, nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn tí kò gba ìtọ́jú gidi ni ara wọn yá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìtọ́jú tuntun kan jáde láìsí àwọn tó fi wé, tó sì sọ pé ìdá mẹ́ta àwọn aláìsàn òun ti sàn, kò tíì fi hàn pé òun ṣe nǹkan kan.

Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn tó sọ pé ara wọn yá. Àìsàn yìí máa ń le, ó sì máa ń rọ̀; ẹni tó ń wá ìtọ́jú sábà máa ń wá nígbà tó le jù. Kíkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ oúnjẹ tó ń dà á láàmú. Níní ẹnì kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni láìyínmú tún máa ń dín ìbẹ̀rù kù.

Oògùn, oúnjẹ àti òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Kí 1993 tó dé, kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo dókítà fọwọ́ sí. Lọ́dún náà ni Jorge àti Wexner ní Florida gbé àmì kan kalẹ̀ láti 0 dé 20: ìgbẹ́ líle, ìgbẹ́ ṣíṣàn, afẹ́fẹ́, lílo páàdì, àti bí ó ti ń dí ìgbésí ayé lọ́wọ́ tó. Ní 2000, Rockwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbéèrè lórí ìtìjú, ìbànújẹ́ àti jíjáde nílé kún un. Láti ìgbà náà ni ìdánwò ní Lọ́ńdọ̀nù ti lè bá ti Melbourne sọ èdè kan náà.

Loperamide, tí ilé iṣẹ́ Janssen ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe, ni oògùn tí wọ́n ń lò jù. Ní 1982, Read àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield fi hàn lára aláìsàn 26 tí ìgbẹ́ wọn ń ṣàn pé ó sàn ju oògùn àfarawé lọ. Ní 2019, ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tó kó obìnrin 300 jọ fi í wé oògùn àfarawé, ó sì tún fi ìdánrawò onẹ́rọ wé ìwé kékeré tó ní ìmọ̀ràn nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, kò sí èyí tó ta èyí yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oògùn náà dára fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn.

Donna Bliss, nọ́ọ̀sì olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota, yí ojú sí oúnjẹ. Ní 2001, ó fún ẹni 39 ní psyllium, ìyẹn èèpo irúgbìn tó máa ń fa omi mu, tàbí gọ́ọ̀mù igi akésíà (gum arabic) irú èyí tí wọ́n ń ta láti àríwá Nàìjíríà, tàbí àfarawé. Ìgbẹ́ tó bọ́ sára kò tó ìdá márùn-ún gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tó gba ọ̀kan nínú méjèèjì. Ti àwọn tó gba àfarawé tó ìdajì. Nínú ìdánwò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2014, psyllium nìkan ló dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró

Àwọn kan ti ń dán sẹ́ẹ̀lì iṣan wò. Ní 2010, Frudinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọ́sítríà ròyìn obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì láti ara iṣan tiwọn gún padà sí ìdí wọn. Ara wọn yá lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tí a ti rí láti 1974 kọ́ wa láti yọ̀ níwọ̀nba, títí ìdánwò tó tóbi, tó ní àwọn tí a ó fi wé, yóò fi sọ tirẹ̀.

Ní 2007, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà gbé ìlànà kalẹ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ìlera fẹ̀sọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ewu, kí wọ́n má dúró kí aláìsàn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tọ́jú ohun tó ń fà á, kí wọ́n ṣe àtúnṣe oúnjẹ àti ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn tó bá yẹ. Bí ìwọ̀nyí kò bá tó ni ìdánrawò pẹ̀lú ẹ̀rọ, omi tí wọ́n fi ń fọ ìfun, iná mànàmáná àti abẹ yóò tẹ̀ lé e.

Ìpele àkọ́kọ́ yìí gan-an ni ìwádìí gbè lẹ́yìn jù, òun náà sì ni owó rẹ̀ kéré jù. Kò gba ẹ̀rọ láti ilẹ̀ òkèèrè. Nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ṣẹ́, ìwé tí aláìsàn yóò máa kọ nǹkan sí, àti yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì tó. Ní ọjọ́ tí ìyálọ́mọ bá gbé ìkókó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Kútọ̀nù, nọ́ọ̀sì lè bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ara tirẹ̀: ṣé ìgbẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ máa ń jáde láìfẹ́ rẹ̀? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìdánwò tó yè kooro sì rèé, irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń ran nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé irú ìyọnu yìí káàkiri lónìí lè lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè. Àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó ní ìtọ́jú, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀.